Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìlú Birmingham, Alabama: Ẹ Mú Ọwọ́ Ìlú Kúrò Lórí Oúnjẹ

Sí Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Ìlú Birmingham àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀, ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A kí Mẹ́yọ̀ Randall Woodfin náà, nítorí òun ló ń gbé ìṣúná ìlú wá síwájú yín, ọ̀rọ̀ yìí kò sì lè yọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo la gbé wá: owó orí 4% tí ìlú ń gbà lórí oúnjẹ tí ènìyàn rà lọ sè nílé. Ìpínlẹ̀ Alabama náà ń gba 4% tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ó sọ ọ́ di 3%. Nígbà tí ọjọ́ yẹn tún pé ní ọdún 2025, ó sọ ọ́ di 2%. Ìpínlẹ̀ tí gbogbo wa máa ń fẹ̀sùn kàn pé kò ro ti tálákà ti gé tirẹ̀ sí méjì. Tiyín ṣì dúró ní 4% gbáko. Ohun tó mú wa kọ̀wé nìyẹn.

Èdè Yorùbá la fi kọ ọ́, nítorí a fẹ́ kí àwọn ará wa tó ń nájà láti Ensley títí dé Roebuck kà á pẹ̀lú yín. Owó yìí ni wọ́n ń san ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ sọ́jà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ẹni tó ń gbà á. A ó fi ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lé akọ̀wé ìlú lọ́wọ́.

1. Bí owó náà ṣe pín lórí rísíìtì

Ẹni tó bá ra oúnjẹ dọ́là 100 nínú ìlú Birmingham, ìrẹsì, ẹyin, ẹran tútù, òróró, tòmátò, búrẹ́dì, dọ́là 108 ni yóò san kí ó tó kúrò nídìí ẹ̀rọ ìsanwó. Dọ́là 2 jẹ́ ti ìpínlẹ̀, dọ́là 2 jẹ́ ti Káúńtì Jefferson, dọ́là 4 jẹ́ ti ìlú. Kí ó tó di ọdún 2023, dọ́là 10 ni gbogbo rẹ̀, mẹ́rin nínú mẹ́wàá sì ni tiyín. Ẹ kò fi sẹ́ǹtì kan kún un láti ìgbà náà, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpínlẹ̀ ṣe ń fà sẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ wá di ẹni tó ń gba púpọ̀ jù lọ lórí ìkòkò ọbẹ̀ wa. Mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ìdajì pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tí òfin pè ní oúnjẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù owó. Ohun tí ènìyàn lè fi káàdì EBT (káàdì ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn tí owó wọn kò tó) rà ni òfin Alabama pè ní oúnjẹ, yálà káàdì náà wà lọ́wọ́ onítọ̀hún tàbí kò sí. Adìyẹ tútù jẹ́ oúnjẹ, 8% ni. Adìyẹ yíyan tí wọ́n gbé síbi tí iná ti ń mú un gbóná ní ilé ìtajà kan náà kì í ṣe oúnjẹ lójú òfin yìí, 10% ni. Oògùn fítámì kì í ṣe oúnjẹ. Ọṣẹ, tíṣù àti oúnjẹ ajá kì í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n irúgbìn ẹ̀fọ́ àti ti ata tí ènìyàn fẹ́ gbìn sẹ́yìnkùlé láti jẹ wà lára oúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì gba 10% lórí rẹ̀.

Bí ènìyàn ṣe lè yẹ rísíìtì rẹ̀ wò nìyí. Kí ó ya oúnjẹ sọ́tọ̀, kí ó ya ìyókù sọ́tọ̀. Kí ó fi 0.08 sọ iye oúnjẹ di púpọ̀, kí ó fi 0.10 sọ ìyókù di púpọ̀, kí ó ro méjèèjì pọ̀. Ká ní oúnjẹ jẹ́ dọ́là 62, tí ọṣẹ àti tíṣù jẹ́ dọ́là 18. Owó orí oúnjẹ jẹ́ dọ́là 4.96, ti ìyókù jẹ́ dọ́là 1.80, àpapọ̀ dọ́là 6.76. Bí rísíìtì bá gbé dọ́là 8 jáde, a jẹ́ pé 10% ni wọ́n gbà lórí gbogbo rẹ̀, dọ́là 1.24 sì ti lọ lọ́nà àìtọ́. Kí ó bá máníjà sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dá a padà.

Àṣìṣe yìí kì í sábà jẹ́ olè jíjà. Ilé ìtajà ńlá máa ń ní ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Bí òfin bá yí padà, wọ́n á yí gbogbo rẹ̀ padà ní òru ọjọ́ kan. Ilé ìtajà kékeré kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gúsí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, ẹja gbígbẹ, gààrí, iṣu tí wọ́n wọ̀n lórí òṣùwọ̀n: wọn kò ní àmì ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà. Bọ́tìnì ni ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ń tẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ bọ́tìnì ọjà gbogbogbòò ló tẹ̀, 10% ni ẹ̀rọ yóò gbà. Àwọn mìíràn yí ẹ̀rọ wọn padà ní ọdún 2023, wọn kò rántí ti 2025, nítorí náà 9% ni wọ́n ń gbà títí di òní. Ó yẹ kí ìlú ní ojú ìwé kan ṣoṣo, ní èdè tó yé oníṣòwò, tó sọ iye tó tọ́ àti bọ́tìnì mélòó ló yẹ kí ẹ̀rọ ní. Méjì péré ló nílò: oúnjẹ àti ohun tí kì í ṣe oúnjẹ.

2. Ẹni tó ń san án

Wọ́n lè sọ fún yín pé tálákà kì í san owó orí oúnjẹ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó orí lórí ohun tí a fi EBT tàbí WIC (ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ fún aboyún, ìyá ọmọ àti ọmọ kékeré) rà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kàwé ní UAB, yunifásítì ìlú yìí, pẹ̀lú físà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí EBT. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìgbélùú sábà máa ń dúró fún ọdún márùn-ún kí ó tó lè béèrè fún un. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ fi díẹ̀ ju ààlà lọ kò rí i gbà. Ẹni tí EBT rẹ̀ tán ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù, owó ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi ra ti ọjọ́ méjìlá tó kù, yóò sì san 8% lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wákàtí iṣẹ́ ṣírò rẹ̀. Ká ní ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin kan ń ra oúnjẹ dọ́là 500 lóṣù. Owó orí tí ìlú nìkan ń gbà níbẹ̀ jẹ́ dọ́là 20 lóṣù, dọ́là 240 lọ́dún. Ẹni tó ń gba dọ́là 15 ní wákàtí kan yóò ṣiṣẹ́ wákàtí 16, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ méjì gbáko, kí ó tó rí iye náà, kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó orí kankan kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń gba dọ́là 7.25 yóò ṣiṣẹ́ ju wákàtí 33 lọ. Ẹ rántí pé ìlú ti kọ́kọ́ gba 1% lára owó iṣẹ́ rẹ̀ bí ó bá jẹ́ inú Birmingham ló ti ń ṣiṣẹ́, láti orí dọ́là àkọ́kọ́, láì sí ààlà tí ó dá olówó kékeré sí. Lórí dọ́là 15, fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ìyẹn jẹ́ dọ́là 312 lọ́dún. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: dọ́là 552 láti ọwọ́ ẹnì kan tí owó rẹ̀ kò tó ilé san. Kò tíì ra bàtà fún ọmọ kankan.

Àwọn baba wa ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Oúnjẹ nìkan ni ohun tí ènìyàn kò lè sún di oṣù tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà kò fi gba owó orí lórí rẹ̀ rárá. Kansas mú tirẹ̀ kúrò pátápátá ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025. Oklahoma mú tirẹ̀ kúrò ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn ìlú tó wà níbẹ̀ sì ń gba tiwọn lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí báyìí nìyẹn, lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìlú.

3. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín, àti ohun tó wà níbẹ̀

A kò wá pín ẹ̀bi tí kì í ṣe tiyín fún yín. Ní ọdún 2015, Ìgbìmọ̀ yìí ṣòfin pé kí owó iṣẹ́ tó kéré jù gòkè dé dọ́là 10.10. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, ìpínlẹ̀ ṣòfin tirẹ̀ ní Montgomery, olú ìlú ìpínlẹ̀, tó pa ti yín rẹ́, dọ́là 7.25 ti ìjọba àpapọ̀ la sì wà títí di òní. Owó ilé náà rí bẹ́ẹ̀: òfin ìpínlẹ̀ kò gbà kí ìlú kankan fi ààlà sí iye tí onílé lè béèrè. Owó orí epo bẹntiróòlù, ìwé òfin Alabama ti dè é mọ́ títì àti afárá láti ọdún 1952, kò ṣeé fi sanwó bọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹni tí kò ní mọ́tò ní Pratt City ń jìyà ohun tí kò sí lágbára yín láti yí padà. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wà lọ́wọ́ àwọn kọmíṣánnà ìpínlẹ̀. Owó omi ẹ̀gbin wà lọ́wọ́ káúńtì, tó ń fi 3.49% kún un lọ́dọọdún láti fi san gbèsè tó gbé káúńtì náà lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 2011 láti sọ pé òun kò lè sanwó mọ́. Ìpínlẹ̀ tún ti dá àìgba owó orí lórí iṣẹ́ àfikún wákàtí dúró láti òpin oṣù Kẹfà ọdún 2025, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn lóru sì mọ ohun tí ìyẹn gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, bí ẹ bá sọ pé ọwọ́ yín kò tó o, a gbà fún yín.

Ti oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2023 tó bẹ̀rẹ̀ ìdínkù náà sọ pé ìlú tàbí káúńtì kankan kò gbọ́dọ̀ fi kún owó orí oúnjẹ mọ́, ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìlú láti dín tirẹ̀ kù. Òfin ọdún 2025 tún mú ọ̀nà náà gbòòrò sí i. Kò sí ẹni tí ẹ ní láti lọ bẹ̀ ní Montgomery. Ìbò márùn-ún nínú mẹ́sàn-án, ní yàrá tí ẹ máa ń jókòó sí, ti tó. Nínú gbogbo ohun tó mú kí ìlú yìí wọ́n láti gbé, èyí ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò yín.

4. 4% yìí kì í ṣe ti àtayébáyé

Títí di òpin ọdún 2007, 3% ni owó orí ọjà tí ìlú Birmingham ń gbà. Mẹ́yọ̀ Larry Langford ló gbé àbá wá pé kí ó di 4%, Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008. Lára ohun tí wọ́n fi tà á fún aráàlú ni pápá ìṣeré olórùlé. Pápá olórùlé yẹn kò sí. Èyí tí a kọ́ níkẹyìn, tí a ṣí ní ọdún 2021, kò ní òrùlé, àdéhùn mìíràn ni a sì fi kọ́ ọ. Ẹni tó ra àpò ìrẹsì ní ọdún 2008 ń san owó náà. Ọmọ tó bí ní ọdún yẹn ti ń dá ọjà rà fúnra rẹ̀ báyìí, òun náà ń san án.

A mẹ́nu ba pápá ìṣeré nítorí ohun mìíràn. Ní ọdún 2018, ìlú ṣèlérí dọ́là mílíọ̀nù 3 lọ́dọọdún fún ọgbọ̀n ọdún láti fi kọ́ ọ. A kò sọ pé pápá ìṣeré burú. Ohun tí a rí ni pé nígbà tí ẹ gbà pé nǹkan kan ṣe pàtàkì, ẹ mọ bí a ṣe ń fi owó sílẹ̀ fún un fún ọgbọ̀n ọdún, láì mọ bí ọrọ̀ ajé yóò ṣe rí ní ọdún kẹwàá.

5. “Owó ìlú yóò dín kù”

Ìdáhùn tí a ń retí nìyí, kò sì jẹ́ irọ́. Owó orí ọjà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó ńlá tó gbé ìṣúná ìlú dúró. Òun ló ń sanwó fún ọlọ́pàá, panápaná, àwọn tó ń kó ilẹ̀, àti ilé ìkàwé tí ọmọ wa ń lò. A kò béèrè pé kí ẹ fà á tu ní ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé nǹkan mẹ́ta yìí sórí òṣùwọ̀n. Àkọ́kọ́, owó orí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníṣòwò tó jìnnà sí Alabama ń san 8% tó dọ́gba fún ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ń mú ìdajì. Nínú ìdajì kejì, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn ìlú, ìdá 40 jẹ́ ti àwọn káúńtì, iye olùgbé ni wọ́n sì fi ń pín in. Ìlú tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn nínú ìkànìyàn 2020 kì í gba kékeré níbẹ̀. Kí ẹ̀ka ìṣúná sọ fún aráàlú iye tó ti wọlé láti ibẹ̀ lọ́dọọdún, ká lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí 1% lórí oúnjẹ ń mú wá. A kò tíì rí i kí a gbé méjèèjì sórí ìwé kan náà.

Èkejì, dọ́là tí ìlú kò gbà lórí oúnjẹ kì í fò lọ sí òkè òkun. Ẹni tí dọ́là 20 bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù yóò ná an sórí táyà, irun ọmọ àti aṣọ ilé ìwé, 4% yín yóò sì wá lára rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò padà wá, ṣùgbọ́n òdo kọ́.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lójú tiwa. Ní ọdún 2019, Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ṣòfin pé kí àwọn ilé ìtajà olówó pọ́ọ́kú má lè ṣí láàárín máìlì kan síra wọn ní àwọn àdúgbò tí oúnjẹ tútù ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ fúnra yín gbà pé àwọn ará ìlú wà tí wọn kò rí ẹ̀fọ́ tútù rà nítòsí. Ìpinnu tó dára ni. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń wá ilé ìtajà oúnjẹ wá sí North Birmingham lọ́wọ́ ọ̀tún, tí a tún ń gba owó tó pọ̀ jù lórí oúnjẹ náà lọ́wọ́ òsì? Ẹni tó ní mọ́tò máa ń rọ́nà rà á lọ́pọ̀ níbi tó ti dínwó. Ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì MAX pẹ̀lú ọ̀rá méjì lọ́wọ́ kò lè ra ju ohun tó lè gbé lọ. Owó tó fi ń ra ìwọ̀n kan ga ju ti ẹni tó ra àpò ńlá, owó orí sì gun owó gíga náà.

6. Ohun tí a ń béèrè

Ọdún ìṣúná yín ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje. Àbá Mẹ́yọ̀ máa ń dé iwájú yín ní oṣù Karùn-ún. Nítorí náà:

A fẹ́ kí owó orí oúnjẹ ti ìlú di 3% láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣúná tó ń bọ̀. Èyí kàn ń dá 1% ti ọdún 2008 padà ni.

A fẹ́ kí òfin kan náà kọ ìgbésẹ̀ tó kù sílẹ̀: 2% ní ọdún kejì, 1% ní ọdún kẹta, òdo ní ọdún kẹrin. Bí ẹ bá fẹ́ ní ìdáàbòbò, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí owó tó wọlé sínú àpò gbogbogbòò ìlú bá lọ sílẹ̀ ní ọdún kan, ìgbésẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e yóò dúró díẹ̀. A lè fara mọ́ dídúró díẹ̀. Ohun tí a kò lè fara mọ́ ni kí ó má bẹ̀rẹ̀.

A fẹ́ kí ọjọ́ ìyípadà bọ́ sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, kí ẹ sì fún àwọn oníṣòwò ní ó kéré tán ọgọ́ta ọjọ́. Ẹni tó ń ṣe ìwé owó orí lóṣooṣù mọ ìdí: bí iye bá yí padà láàárín oṣù, rísíìtì oṣù kan náà yóò di oríṣi méjì, ìṣirò rẹ̀ yóò sì dàrú mọ́ oníṣọ́ọ̀bù kékeré lọ́wọ́. Àwọn tí kò ní akáúńtáǹtì ni ìjìyà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé bá.

A fẹ́ ìpinnu tó ṣe kedere lórí ìlédìí àti mílíìkì ọmọ ọwọ́. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìpínlẹ̀ ti mú owó orí tirẹ̀ kúrò lórí wọn, pẹ̀lú aṣọ aboyún àti ohun tí obìnrin ń lò fún nǹkan oṣù, ó sì fi ti ìlú sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan láti yàn. Ẹ kọ ti Birmingham sílẹ̀ níbi tí ìyá ọmọ lè rí i kà.

A sì fẹ́ ojú ìwé fún àwọn oníṣòwò tí a sọ lókè yẹn, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù kan tí ènìyàn lè pè bí ilé ìtajà bá kọ̀ láti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe.

Sí ẹ̀yin ará wa tó ń kà á: aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ìgbìmọ̀ máa ń jókòó ní City Hall, 710 North 20th Street. Ẹ mú rísíìtì oṣù kan wá, kí ẹ ti fi bírò yí ìdá tí ìlú gbà ká.

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀, a ń retí ìdáhùn ní kíkọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín kí àbá ìṣúná tó dé: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí 3%, pẹ̀lú ìdí. A ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde bí a bá ṣe gbà á, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, àdúgbò sí àdúgbò.

Àwa ni,
Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń nájà ní ìlú Birmingham